ỌJỌ́ ÌSINMI TÀBÍ SÀBÍTÌ: ÀYẸ̀WÒ LÁMÈYÍTỌ́ LÓRÍ ÌTUMỌ̀ ÀTI ÌPAMỌ́ ỌJỌ́ MÍMỌ́ LÁÀÁRIN ÀWỌN KRISTIẸNI YORÙBÁ, PẸ̀LÚ ÀPẸẸRẸ LÁTI ÒGÙDÙ

1.0 ÌFÁÀRÀ

Àríyànjiyàn lórí ọjọ́ ìsinmi wà lára èyí tí ó ti pẹ́ jù lọ láàárín àwọn Kristiẹni ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn kan gbà pé ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí í ṣe ọjọ́ keje, ni Ọlọ́run yà sọ́tọ̀, àti pé kò sí ẹ̀dá tí ó láṣẹ láti yí i padà. Àwọn tí ó pọ̀ jù gbà pé ọjọ́ Àìkú, tí Jésù jí dìde, ti gba ipò rẹ̀. Àwọn kẹta gbà pé Kristi fúnra rẹ̀ ni ìsinmi, nítorí náà kò sí ọjọ́ kan tí ó ga ju èkejì lọ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí ó ya onímọ̀ lẹ́nu ni pé Bíbélì kan náà, ní èdè kan náà, ni tọ̀tún tòsì wọn ń ṣí sílẹ̀ láti fi gbe ara wọn lẹ́sẹ̀.

Àpilẹ̀kọ yìí kò wá láti pàṣẹ ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èrò tí ó ń darí rẹ̀ ni pé apá kan nínú ìjà náà kì í ṣe ti ẹ̀kọ́ ìsìn rárá. Ti èdè ni, apá mìíràn sì jẹ́ ti ọjà àti ti ìjọba. Ohun mẹ́ta ni yóò gbìyànjú láti fi hàn. Èkíní ni pé ọ̀rọ̀ tí àwọn olùtumọ̀ yàn fún ọjọ́ náà jẹ́ kí ó rọrùn láti gbé e kúrò lórí ọjọ́ kan lọ sórí òmíràn. Èkejì ni pé iye tí pípa ọjọ́ mímọ́ mọ́ ń ná ènìyàn ti yí padà láti ìgbà tí ìjọba amúnisìn ti mú ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje wọlé. Ẹ̀kẹta, tí ó sì ṣe pàtàkì jù lọ, ni pé bí gbogbo ìhà ṣe ń jà lórí ọjọ́, wọ́n ti gbàgbé ẹni tí òfin náà fẹ́ kí ó sinmi. Ògùdù, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, ni àpẹẹrẹ náà dá lé, nítorí pé ó wà ní itòsí ọjà Mile 12 àti Kétu, ó sì ní àdúgbò olówó àti àdúgbò mẹ̀kúnnù nínú lẹ́ẹ̀kan náà.

2.0 Ọ̀RỌ̀ TÍ ÀWỌN OLÙTUMỌ̀ YÀN

Iṣẹ́ Samuel Ajayi Crowther lórí Bíbélì Yorùbá kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ìwé Romu jáde ní 1850. Odindi Bíbélì sì parí ní 1884, lẹ́yìn tí àwọn mìíràn ti dara pọ̀ mọ́ ọn nínú iṣẹ́ náà. Gbogbo ẹni tí ó bá ti yẹ èdè Bíbélì náà wò ni ó mọ̀ pé Crowther kò bẹ̀rù láti yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí. Àlùfáà, àdúrà, wòlíì àti wàásù, láti inú èdè Lárúbáwá ni gbogbo wọn ti wá, àwọn Kristiẹni sì ti lò wọ́n títí tí ọ̀pọ̀ kò fi mọ̀ mọ́ pé àyálò ni wọ́n.

Ní ti orúkọ ọjọ́, àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ní tiwọn: Àlàádì, Àtìní, Àtàláátà, Àlàrùbá, Àlàmísì, Jímọ̀ àti Sàbítì. Sàbítì yìí ni ọjọ́ Àbámẹ́ta. Inú sabt ti èdè Lárúbáwá ni ó ti wá, sabt àti shabbat ti èdè Hébérù sì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Láti ìhà mìíràn, àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil padà sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń pe ọjọ́ kan náà ní sábado ní èdè Potogí, orísun kan náà ni èyí sì ti ṣàn wá. Èyí ni pé láàárín Èkó nìkan, ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wà tí ọ̀rọ̀ Hébérù náà fi lè wọ inú Yorùbá gẹ́gẹ́ bí orúkọ ọjọ́. Kò gba ọ̀kankan nínú wọn wọ inú Bíbélì. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni “ọjọ́ ìsinmi”, tí àwọn ẹ̀dà àtijọ́ ń kọ ní “isimi”.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì kì í ṣe ti ohùn lásán. Sàbítì jẹ́ orúkọ. Ọjọ́ ìsinmi jẹ́ àpèjúwe. Orúkọ kì í kúrò lára ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n àpèjúwe lè bá ẹnikẹ́ni tí ó bá yẹ lọ. Bí ènìyàn bá dá iṣẹ́ dúró ní ọjọ́bọ̀, ó lè pe ọjọ́bọ̀ ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, kò sì ní ṣi èdè lò. Nítorí náà, nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ àwọn ọmọ ìjọ láti dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní ọjọ́ Àìkú, kò sí ohun tí ó dí àpèjúwe náà lọ́wọ́ láti bá ọjọ́ Àìkú lọ. Ó bá a lọ, ó sì dúró tì í. Lónìí, bí wọ́n bá sọ fún ọmọ Yorùbá pé kí ó wá ní ọjọ́ ìsinmi, kì í béèrè èwo nínú méjèèjì.

Àbájáde rẹ̀ hàn nínú bí àwọn ènìyàn ṣe ń ka Ìwé Mímọ́. Òfin kẹrin, tí í ṣe ẹ̀kẹta nínú ìṣirò àwọn Kátólíìkì, ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ keje, ṣùgbọ́n etí òǹkàwé ń gbọ́ ọjọ́ Àìkú. Nígbà tí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 13 ń ròyìn bí Pọ́ọ̀lù ṣe wọ sínágọ́gù Áńtíókù ní ọjọ́ ìsinmi, ẹni tí kò ní olùkọ́ yóò rò pé ìsìn òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni Pọ́ọ̀lù lọ. Ibi tí aṣọ ti ya ni Mátíù 28:1. Nínú èdè Gíríìkì, ọ̀rọ̀ kan náà, sabbaton, ni ó jẹyọ lẹ́ẹ̀mejì nínú ẹsẹ yẹn: lẹ́ẹ̀kan fún Sábáàtì, lẹ́ẹ̀kan fún ọ̀sẹ̀. Yorùbá ya méjèèjì sọ́tọ̀, ó pe ọ̀kan ní ọjọ́ ìsinmi, ó pe èkejì ní ọ̀sẹ̀. Níbẹ̀ ni òǹkàwé tí ó bá fara balẹ̀ yóò ti rí i pé ọjọ́ ìsinmi ti kọjá kí ọjọ́ àjíǹde tó mọ́. Kò yani lẹ́nu pé ẹsẹ yìí ni àwọn tí ń pa ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́ máa ń sáré lọ.

Àléébù kejì ni pé ìtumọ̀ gan-an shabbat ni dídáwọ́ dúró, kì í ṣe sísinmi lẹ́yìn àárẹ̀. Hébérù ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún sísinmi, èyí tí ó wà nínú Ẹ́kísódù 20:11. Ní Jẹ́nẹ́sísì 2:2-3, dídáwọ́ dúró ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Yorùbá fi sinmi kan ṣoṣo tú méjèèjì. Ẹni tí ó rẹ̀ ni Yorùbá ń sọ fún pé kí ó lọ sinmi. Ìdí nìyí tí ìbéèrè náà kò fi ṣe é parẹ́ nínú ẹ̀kọ́ Bíbélì pé, ṣé ó rẹ Ọlọ́run ni? Ìtumọ̀ ni ó bí ìbéèrè náà, kì í ṣe Mósè. Bákan náà ni Hébérù orí 4. Sabbatismos, tí í ṣe pípa Sábáàtì mọ́, ni ó wà nínú ẹsẹ 9 ní èdè Gíríìkì, nígbà tí ọ̀rọ̀ mìíràn wà nínú àwọn ẹsẹ tí ó yí i ká. Ìsinmi ni gbogbo wọn nínú Yorùbá, àyípadà náà sì pòórá.

Ṣùgbọ́n lámèyítọ́ tí ó bá ń ka àléébù nìkan kò tíì ṣiṣẹ́ tán. Ohun kan wà tí ìsinmi mú wá tí Sàbítì kì bá tí lè mú wá láéláé. Nínú Ẹ́kísódù 23:12, nígbà tí òfin náà ń sọ ti ọmọ ẹrúbìnrin àti ti àlejò, ọ̀rọ̀ tí Hébérù lò wá láti ibi kan náà tí ọ̀rọ̀ fún ẹ̀mí àti èémí ti wá: kí wọ́n lè mí, kí èémí wọn padà bọ̀ sípò. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Ẹ́kísódù 31:17 lò fún Ọlọ́run fúnra rẹ̀. Etí Yorùbá ń gbọ́ “mí” nínú sinmi. Ẹni tí ó gbé ẹrù sọ̀ kalẹ̀ láti sinmi, mímí ni ó kọ́kọ́ ń ṣe. Gẹ́gẹ́ bí orúkọ ọjọ́, nígbà náà, ọ̀rọ̀ Yorùbá náà kò lágbára. Gẹ́gẹ́ bí àlàyé ohun tí ọjọ́ náà wà fún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí èdè tí ó bá a dọ́gba. Kókó yìí ṣe pàtàkì fún ohun tí ń bọ̀ níwájú.

Ó tọ́ kí a kíyè sí i pé àyálò ọ̀rọ̀ nìkan kò tó láti yanjú ọ̀ràn. Bíbélì tí àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà tẹ̀ ní èdè Yorùbá lo “Sábáàtì” dáadáa, síbẹ̀ àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ kò gbà pé ó di dandan fún Kristiẹni láti pa ọjọ́ kankan mọ́. Orúkọ ń fi ọjọ́ hàn. Kò lè sọ ohun tí ènìyàn yóò fi ọjọ́ náà ṣe.

3.0 Ọ̀SẸ̀, ỌJÀ ÀTI ỌJỌ́ MÉJE

Kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo ni òfin ọjọ́ ìsinmi bá ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó wà nínú ọ̀sẹ̀ àbáláyé: ọjọ́ Ifá, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta àti ọjọ́ Ọbàtálá. Ọ̀sẹ̀ gan-an ni ọjọ́ tí olùsìn ń bọ òrìṣà rẹ̀, tí ó ń pa omi ojúbọ dà, tí ó ń pa obì. Ní ọ̀pọ̀ ibi, olùsìn kì í lọ sí oko ní ọjọ́ náà. Nígbà tí àwọn olùtumọ̀ sọ ọ̀sẹ̀ di orúkọ fún ọjọ́ méje lápapọ̀, wọ́n gba ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ọjọ́ mímọ́, wọ́n fi ṣe òǹkà. Èyí ni ìyípadà tí ó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀: ọ̀rọ̀ mímọ́ di ti kàlẹ́ńdà, ọ̀rọ̀ lásán, ìsinmi, sì di mímọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin yìí náà ni ọjà ń tẹ̀ lé. Yorùbá a máa ka òní mọ́ òǹkà, ìdí nìyí tí ọjà tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin fi ń jẹ́ ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún, tí ti ọjọ́ mẹ́jọ sì ń jẹ́ ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án. Bí a bá fi ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje lé ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún lórí, ìṣirò kan jáde tí ó yẹ kí ó wọ inú àríyànjiyàn yìí. Nínú ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, ọjà yóò ná lẹ́ẹ̀meje. Ọ̀kan ṣoṣo nínú méje wọ̀nyí ni yóò bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Ọ̀kan ṣoṣo ni yóò sì bọ́ sí ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ìyálọ́jà tí ó di Kristiẹni ní ìgbà náà yóò pàdánù ọjà kan nínú méje, ì báà jẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ó pamọ́, ì báà jẹ́ Àbámẹ́ta. Níwájú ọjà àbáláyé, ọjọ́ méjèèjì dọ́gba. Kò sí èyí tí ó rọrùn ju èkejì lọ.

Ìjọba ni ó da ìdọ́gba náà rú. Nígbà tí Èkó di abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1861, ọ́fíìsì, ilé-ẹjọ́ àti ilé-ẹ̀kọ́ tẹ̀ lé ọ̀sẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ Àìkú sì di ọjọ́ tí ìjọba fúnra rẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Láti ìgbà náà ni ọjọ́ Àìkú ti di ọ̀fẹ́ fún akọ̀wé àti olùkọ́, tí ọjọ́ Àbámẹ́ta sì di ohun tí ènìyàn ń fi nǹkan rà. Ẹni tí ó bá sọ pé Ọlọ́run ni ó fi hàn pé ọjọ́ Àìkú tọ̀nà nítorí pé gbogbo ayé ń sinmi lọ́jọ́ náà ti gbàgbé ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Ẹni tí ó bá sì sọ pé ìpọ́njú tí ń bá olùpa ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́ jẹ́ àmì òtítọ́ rẹ̀, òun náà ti gbàgbé pé ní ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún, ìpọ́njú méjèèjì ì bá dọ́gba.

4.0 ÌHÀ MẸ́TA ÀTI ÀBÙKÙ WỌN

4.1 Àwọn tí ó di ọjọ́ Àìkú mú

Ìdí tí ìhà yìí fi lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni pé ìpàdé ọjọ́ kìíní ọ̀sẹ̀ ti wà nínú Májẹ̀mú Titun: Ìṣe 20:7 àti 1 Kọ́ríńtì 16:2 mẹ́nu kàn án. Ní nǹkan bí ọdún 150, Justin Martyr ti ń ṣàlàyé ìpàdé náà fún àwọn aláṣẹ Róòmù. Àwọn baba ìjọ kan tún ń pè é ní ọjọ́ kẹjọ. Ó yẹ kí èyí yé Yorùbá ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, nítorí pé bí Yorùbá bá dá ìpàdé ọjọ́ mẹ́jọ ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀ ni ó ní lọ́kàn. Jòhánù 20:26, tí ó máa ń gba àlàyé gígùn ní àwọn èdè mìíràn, kò gba àlàyé kankan ní Ògùdù.

Ibi tí ìhà yìí ti ṣubú ni pé ó fẹ́ kí òfin kẹrin fúnra rẹ̀ pàṣẹ ọjọ́ Àìkú. Òfin náà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọ̀rúndún àkọ́kọ́, ọjọ́ ìjọsìn ni ọjọ́ Àìkú, kì í ṣe ọjọ́ ìdáwọ́dúró. Ẹrú àti òṣìṣẹ́ ń padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìpàdé. Ní 321 ni ọba Constantine pàṣẹ pé kí àwọn adájọ́ àti àwọn ará ìlú sinmi ní ọjọ́ oòrùn, ó sì yọ àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀. Èrò pé ọjọ́ Àìkú ni Sábáàtì Kristiẹni, pẹ̀lú gbogbo èèwọ̀ rẹ̀, gbilẹ̀ láàárín àwọn Puritan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wà nínú Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ Westminster ti 1647. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ ìrònú yìí ni ó gbé ìyìn rere wá sí Abẹ́òkúta àti Èkó. Ohun tí wọ́n gbé wá kì í ṣe Bíbélì nìkan. Àṣà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà nínú àpótí kan náà.

4.2 Àwọn tí ó di ọjọ́ Àbámẹ́ta mú

Ìjọ Seventh-Day Adventist, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1863, ni ó lókìkí jù nínú ìhà yìí. Ní 1914 ni David C. Babcock dé sí Erúnmu, nítòsí Ìbàdàn. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti tàn ká, tí ilé-ìwòsàn fi wà ní Ilé-Ifẹ̀, tí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ sì di Yunifásítì Babcock ní 1999. Nípa ohun tí ọ̀rọ̀ òfin kẹrin wí, àwọn ni ó tọ̀nà; ọjọ́ keje ni ó wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ Sábáàtì láti ìwọ̀ oòrùn ọjọ́ Ẹtì náà kò ṣàjèjì sí Yorùbá, tí àìsùn rẹ̀ máa ń ṣáájú ọjọ́ ọdún.

Ṣùgbọ́n àlàyé ìtàn tí ó gbajúmọ̀ láàárín àwọn olùpa ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́, pé Constantine tàbí póòpù ni ó gbé ọjọ́ Àìkú kalẹ̀, kò dúró. Justin ti kọ̀wé ní bíi àádọ́sàn-án ọdún ṣáájú àṣẹ Constantine. Ìjọ Etiópíà tún fi hàn pé kò pọn dandan kí ọjọ́ méjèèjì máa bá ara wọn jà. Ewostatewos, tí ó kú ní 1352, àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ jìyà nítorí ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ní 1450, lábẹ́ ọba Zara Yaqob, ìgbìmọ̀ ìjọ ní Debre Mitmaq gbà kí wọ́n máa bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ méjèèjì. Ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ni èyí ti ṣẹlẹ̀, ní ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́rin kí míṣọ́nnárì tó dé Abẹ́òkúta, síbẹ̀ kì í sábà jẹyọ nínú àríyànjiyàn àwọn Yorùbá.

4.3 Àwọn tí ó ní ọjọ́ gbogbo dọ́gba

Kólósè 2:16-17 àti Romu 14:5 ni òpó ìhà yìí, òpó náà sì lágbára. Púpọ̀ nínú àwọn ìjọ ìsọjí tí ó gbilẹ̀ ní Èkó láti àwọn ọdún 1970 fi èrò wọn tì í. Àbùkù rẹ̀ kò sí nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, inú ìṣe rẹ̀ ni ó wà. Bí gbogbo ọjọ́ bá dọ́gba, ènìyàn ì bá retí pé ìsinmi yóò tàn ká gbogbo ọ̀sẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀: iṣẹ́ ni ó tàn ká. Ẹ̀kọ́ Bíbélì wà láàárín ọ̀sẹ̀, ìṣọ́ òru wà ní ọjọ́ Ẹtì, ètò àkànṣe wà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ sì ṣáájú ìsìn ọjọ́ Àìkú. Ẹni tí ó ń darí ọkọ̀ nínú ọgbà ìjọ, tí ó ń to àga, tí ó ń gbálẹ̀, lè lo ọdún kan gbáko láìní ọjọ́ kan tí ó fi dáwọ́ dúró. Wọ́n ti mú Sábáàtì kúrò lórí ọjọ́ keje, wọn kò sì rí ọjọ́ tí wọ́n gbé e kà.

5.0 ÒGÙDÙ GẸ́GẸ́ BÍ ÌDÁNWÒ

Ògùdù wà láàárín Ọjọ́ta àti Alápẹ̀rẹ̀, ọ̀nà ibẹ̀ sì bọ́ sí ọ̀nà tí ó lọ sí Afárá Kẹta ní Òwòròǹṣòkí. Ilé gíga olóde wà ní GRA. Ilé onígbèéyá tí ó fara kanra wà ní Orí-Òkè. Kò sí ẹ̀kọ́ kankan nínú àwọn tí ó wà lókè yìí tí kò ní olùgbọ́ níbẹ̀, ilé ìjọsìn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ tó ilé ìtajà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ pa ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́ ní irú àdúgbò yìí, ìṣòro rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì. Oòrùn Èkó ń wọ̀ láàárín nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago méje ìrọ̀lẹ́ jálẹ̀ ọdún. Bí ọ́fíìsì Ìsàlẹ̀ Èkó bá ti ilẹ̀kùn ní aago márùn-ún, afárá tí ó gùn tó kìlómítà mọ́kànlá ó lé, tí ọkọ̀ kún dẹ́nu, ni ó wà láàárín òṣìṣẹ́ náà àti ìbẹ̀rẹ̀ Sábáàtì rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, òwàm̀bẹ̀ dé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Èkó ń ṣe ìgbéyàwó, ni ó ń ṣe òkú àgbà. Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀, ẹbí yóò béèrè ohun tí wọ́n fi ṣẹ̀ ẹ́. Ìjọba náà ní tirẹ̀. Ìdìbò ààrẹ ti 11 Oṣù Kẹjọ 1979, ti 12 Oṣù Kẹfà 1993 àti ti 25 Oṣù Kejì 2023, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni gbogbo wọn bọ́ sí. Ìmọ́tótó àyíká oṣooṣù, kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó fagi lé e ní 2016, ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó gbẹ̀yìn oṣù ni. Kò sí ẹni tí ó ṣe é láti fi ni olùpa Sábáàtì lára. Wọn kò kàn rántí pé ó wà ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kò rọrùn fún olùpa ọjọ́ Àìkú tí kì í ṣe akọ̀wé. Ọjà Mile 12 kì í ti ilẹ̀kùn nítorí ìsìn. Tòmátì àti ata tí ó ti òkè Ọya wá nínú ọkọ̀ akẹ́rù kò mọ ọjọ́. Bí wọ́n bá dé ní òru Àbámẹ́ta, wọ́n gbọ́dọ̀ tà ní ọjọ́ Àìkú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn yóò rà. Alátẹ ata ní Ògùdù tí ó ra apẹ̀rẹ̀ kan lówó yá kò lè fi ìdajì rẹ̀ jó nítorí òfin kẹrin. Nígbà tí ọjà ń ná lọ́jọ́ márùn-ún márùn-ún, ìyá rẹ̀ àgbà pàdánù ọ̀kan nínú méje nígbà tí àwọn yòókù rẹ̀ náà ní ọjọ́ tí ọjà kò ná. Nísinsìnyí tí ọjà ń ná lójoojúmọ́, òun nìkan ni ó ń ti ìsọ̀ nígbà tí ìsọ̀ ọ̀tún àti òsì ṣí sílẹ̀. Ọjà ojoojúmọ́ yìí, ju ẹ̀kọ́ ìsìn èyíkéyìí lọ, ni ó pa ọjọ́ ìsinmi ní Èkó, ì báà jẹ́ ti Àbámẹ́ta, ì báà jẹ́ ti Àìkú.

6.0 TA NI Ó Ń SINMI?

Òfin kẹrin wà ní ibi méjì nínú ìwé Mósè, ìdí tí ó wà fún un níbẹ̀ kò sì bára mu. Ní Ẹ́kísódù orí 20, ìdí rẹ̀ ni ìṣẹ̀dá: Ọlọ́run dáwọ́ dúró. Ní Diutarónómì orí 5, ìdí rẹ̀ ni Íjíbítì: ẹ ti ṣe ẹrú rí. Ẹ̀dà kejì yìí fi kún un, kedere, pé kí ẹrúkùnrin àti ẹrúbìnrin lè sinmi gẹ́gẹ́ bí olúwa wọn. Gbogbo ìhà mẹ́ta tí àpilẹ̀kọ yìí yẹ̀ wò ni ó ń fi Ẹ́kísódù jà, nítorí pé ibẹ̀ ni òǹkà ọjọ́ ìṣẹ̀dá wà. Diutarónómì kì í sábà wọ inú ìjà náà, nítorí pé kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti borí ẹnì kejì. Ẹ̀rí tí ó ń dá gbogbo wọn lẹ́bi papọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi í wọn ìṣe ọjọ́ ìsinmi ní Ògùdù. Nínú ilé tí ó rí jájẹ, bàbá àti ìyá yóò lọ sí ìsìn. Awakọ̀ yóò jí ṣáájú wọn láti fọ ọkọ̀, yóò sì jókòó sínú ọkọ̀ níta ìjọ títí wọn yóò fi jáde. Ọmọ ọ̀dọ̀ yóò wẹ àwọn ọmọdé, yóò lọ aṣọ, yóò padà sí ilé ìdáná, nítorí pé oúnjẹ ọjọ́ náà gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti ọjọ́ mìíràn. Mẹ́gáàdì kò kúrò lẹ́nu géètì. Bí ọjọ́ náà bá jẹ́ Àbámẹ́ta dípò Àìkú, kò sí ohun tí yóò yí padà fún àwọn mẹ́ta wọ̀nyí. Nínú ilé tí wọ́n ti gbà pé ọjọ́ gbogbo dọ́gba, gbogbo ọjọ́ ni ó dọ́gba fún àwọn náà lóòótọ́: iṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀.

Àtakò kan lè wáyé níhìn-ín, ó sì tọ́ kí ó rí ìdáhùn. Ẹnì kan lè sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ń gba owó, wọn kì í ṣe ẹrú, nítorí náà ọ̀rọ̀ Diutarónómì kò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n Ẹ́kísódù 23:12 kò dúró lórí ẹrú nìkan. Ó dárúkọ àlejò, àní ó dárúkọ màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1974 náà sọ pé nínú ọjọ́ méje méje, òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí ọjọ́ ìsinmi kan tí kò gbọ́dọ̀ dín ní wákàtí mẹ́rìnlélógún léra. Ó yẹ fún àkíyèsí pé òfin náà kò dárúkọ ọjọ́. Ó fi òǹkà ọjọ́ sílẹ̀, ó di ìsinmi mú. Lórí kókó yìí, ìwé ìjọba sún mọ́ Diutarónómì ju ọ̀pọ̀ ìwàásù lọ.

Níbí ni ọ̀rọ̀ tí àwọn olùtumọ̀ yàn ti padà gba àre. Bí wọ́n bá ti kọ Sàbítì sínú Bíbélì, ọ̀ràn ọjọ́ ì bá yanjú ní kíákíá. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn ọmọ ọ̀dọ̀ kì bá tí dìde láti inú ọ̀rọ̀ náà. Ìsinmi ni ó ń gbé e dìde. Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó lè sọ pé ẹni tí ó wà nídìí ààrò láti ìdájí ń sinmi, ohunkóhun tí kàlẹ́ńdà ì báà pe ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́rìí tako ẹni tí ó ń fẹnu pè é.

7.0 ÌKÁDÌÍ

Àbá méjì ni ó jáde láti inú àyẹ̀wò yìí. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn tí ń tún Bíbélì Yorùbá ṣe. Ibi tí Ìwé Mímọ́ bá ti ń dárúkọ ọjọ́ keje àwọn Júù gẹ́gẹ́ bí orúkọ, Sábáàtì tàbí Sàbítì yẹ ibẹ̀, kí òǹkàwé má baà máa rán Pọ́ọ̀lù lọ sí ìsìn ọjọ́ Àìkú; ibi tí ó bá ti ń sọ dídáwọ́ dúró Ọlọ́run, dáwọ́ dúró yẹ ibẹ̀; kí ìsinmi sì wà níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan èémí ẹni tí ó ti rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni Yorùbá ní fún iṣẹ́ mẹ́ta. Kò sí ìdí tí ọ̀kan yóò fi máa gbé ẹrù gbogbo wọn.

Èkejì jẹ́ ti àwọn ìjọ. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ní ọ̀rọ̀ òfin lẹ́yìn, ọjọ́ Àìkú ní ìrántí àjíǹde àti àṣà ìjọ àtijọ́, àwọn tí ó ní gbogbo ọjọ́ dọ́gba sì ní òmìnira tí Pọ́ọ̀lù kọ́ni. Kò sí èyí nínú wọn tí ẹ̀rí ìtàn lè pa run pátápátá, kò sì sí èyí tí ó lè pa àwọn yòókù lẹ́nu mọ́. Máàkù 2:27 ti sọ pé ọjọ́ náà wà nítorí ènìyàn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tí ó yẹ kí àwọn àlùfáà máa fi wọn ìjọ wọn kì í ṣe ọjọ́ wo ni wọ́n pamọ́ nìkan, bí kò ṣe iye ènìyàn tí ó mí dáadáa nítorí pé wọ́n pa á mọ́: awakọ̀ tí wọ́n fún ní ọjọ́ tirẹ̀, alátẹ ata tí àwọn ará ìjọ ra ọjà rẹ̀ tán ní ìrọ̀lẹ́ kí ó lè ti ìsọ̀ ní ọjọ́ kejì, ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó jókòó nínú ìsìn láìronú ohun tí ó wà lórí iná. Ìjọ tí ó bá lè ka irú àwọn bẹ́ẹ̀ ti pa ọjọ́ ìsinmi mọ́. Èyí tí kò bá lè ka ẹyọ kan, ì báà jẹ́ Àbámẹ́ta ni ó ń pàdé, ì báà jẹ́ Àìkú, ìpàdé ni ó ṣe.